Ṣúgà Tí Mo Ń Gbé fún Ìyá Mi Lẹ́yìn Ilé

Rùkáyà, Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ àti fún Tàjù ọkọ rẹ nínú ilé tuntun yín ní Ọlọ́runṣògo. Dáadáa ni gbogbo wa wà nílé. Àgbàdo ti ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, òjò sì ń rọ̀ déédéé. Ìyá rẹ wà níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró kó jáde kí n tó jókòó, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kan òun náà, mi ò sì fẹ́ kó máa wò mí lójú bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Mo ti gbìyànjú fóònù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè ọ́ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni mo bi ọ́ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, mo bi ọ́ bóyá omi ń yọ ní ẹ̀rọ yín, mo sì gbé e sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn, ó sì ń tì mí lójú. Bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, màá kàn sáré sọ ọ́ kó lè tán ni. Mi ò fẹ́ sáré sọ èyí.

Lọ́jọ́ Àláàdì tó kọjá, nígbà tí o pe ìyá rẹ, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti tẹ fóònù náà kí ohùn rẹ lè jáde síta, torí náà mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ. O ní ilé ìwé tó gbà ọ́ síṣẹ́ tíṣà ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ tuntun lọ ṣe àyẹ̀wò ara. O ní nọ́ọ̀sì gún ọ níka, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó sì sọ fún ọ pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ ti ń gòkè. Kò tíì di àìsàn, ṣùgbọ́n ó ti dé ẹnu ààlà, kí o padà wá lọ́jọ́ Àlàmísì tó ń bọ̀ láìtíì jẹun kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. O sunkún. Ìyá rẹ ní, "Rùkáyà, jọ̀ọ́, kí lo máa ń mu níbẹ̀?" O ní mọ́ọ̀tì kan láàárọ̀ kí o tó wọ kíláàsì, ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan lọ́sàn-án pẹ̀lú bisikíìtì, tíì oníṣúgà nírọ̀lẹ́. Ìyá rẹ mí kanlẹ̀. Mímí tó mí yẹn bí ọ nínú, o wá sọ pé:

"Ṣebí ẹ̀yin náà ni, Màmá. Ẹ fi ṣúgà dù wá láti kékeré bí ẹni pé ẹ kò fẹ́ràn wa. Ìgbà tí mo rí owó ara mi gbà ni mo tó mọ bí nǹkan ṣe ń dùn."

Ìyá rẹ kò bá ọ jà. Ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi, lọ sinmi." Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó sì lọ ń ṣa ẹ̀wà. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ì bá fi dá ọ lóhùn, wàá sì dákẹ́. Kò sọ ọ́, torí pé ẹnu tèmi ló yẹ kó ti jáde. Ó ti ń dúró kí n sọ ọ́ fún ẹ̀yin ọmọ láti ìgbà tí o ti wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mi ò bá ọ wí o. Ọmọ tó dàgbà nínú ilé tí wọn kì í bu ṣúgà sí gàrí, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé tálákà ni bàbá rẹ̀, yóò fẹ́ tọ́ adùn wò nígbà tó bá dá dúró. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n jókòó, kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

O mọ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí mi. Pẹ̀lú ọ̀pá lo mọ̀ wọ́n, àti bàtà rírọ̀ tí wọn kì í fẹ́ bọ́. O mọ̀ pé ọmọ ìka méjì kò sí ní ẹsẹ̀ òsì wọn. Nígbà tí o bi wọ́n léèrè ní kékeré, wọ́n ní ẹja ló jẹ ẹ́ nínú odò, gbogbo yín sì rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹja. Èmi ni.

Ìgbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò ni ara Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Wọ́n ń mu omi bí ẹni tó ń ti oko ẹ̀ẹ̀rùn bọ̀, wọ́n sì ń tọ̀ ṣáá. Èèrà ń ṣù bo ibi tí wọ́n bá tọ̀ sí lẹ́yìn ilé. Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ kíyè sí èèrà yẹn, òun náà ló sì takú pé ká gbé wọn lọ sí ọsibítù. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ni. Wọ́n fún wọn lóògùn, nọ́ọ̀sì kan sì fa ìyá rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ oúnjẹ fún un fún ìgbà pípẹ́. Èmi wà níta, mò ń bá àwọn kan jiyàn bọ́ọ̀lù. Ká tó délé, ìyá rẹ ti há gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì sọ sórí bí ọmọ ilé kéú ṣe ń há súrà.

Láti ọjọ́ náà, ó dín òkèlè Ìyá Àgbà kù, ó sì fi ẹ̀fọ́ kún ọbẹ̀ wọn. Ògì tí wọ́n ń mu láàárọ̀ kò rí ṣúgà mọ́, ẹ̀wà ni wọ́n fi ń tì í. Ìyá Àgbà, tí wọ́n ti fi gbogbo ayé wọn mu gàrí oníṣúgà, rí i bí ìyà. Bí ìyá rẹ bá ti jáde, wọ́n á pè mí.

"Mùdáṣírù, ìyàwó rẹ fẹ́ fi ebi lé mi kúrò láyé. Ilé ọmọ tí mo bí ni mo wà, mi ò sì rí ohun dídùn kankan fi kan ẹnu."

Àánú wọn ṣe mí. Lọ́jọ́ ọjà Lalupon kan, nígbà tí mo já ẹrù gàrí tán, mo ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan tó tutù, mo fi ewé ẹ̀gẹ́ bò ó nínú apẹ̀rẹ̀ tí mo so mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà mi. Mo pe Ìyá Àgbà sídìí igi ọsàn lẹ́yìn ilé. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi di ìgò náà mú. Wọ́n mu ún, wọ́n dijú. Wọ́n wá gbàdúrà fún mi, pé Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kí n ráhùn, pé ọmọ tèmi náà á tọ́jú mi. Mo dúró níbẹ̀, mò ń ṣe àmín.

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Tí kì í bá ṣe ọtí ẹlẹ́rìndòdò, á jẹ́ bisikíìtì, tàbí ṣúgà oníhóró tí mo bá di sínú ọ̀rá, tí wọ́n á máa lá bí súwíìtì. "Má jẹ́ kí ìyàwó rẹ gbọ́ o," wọ́n á wí, àwa méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín bí ọmọ iléèwé tó ń tọ́ ọbẹ̀ lá. Rùkáyà, mi ò ní purọ́ fún ọ mọ́. Kì í ṣe àánú nìkan ni. Mo fẹ́ràn àdúrà yẹn. Inú mi ń dùn pé èmi ni ọmọ rere, kí ìyá rẹ sì jẹ́ ẹni burúkú. Òun ló ń pọnmi tí wọ́n fi ń wẹ̀, òun ló ń fọ aṣọ wọn, òun ló ń rántí oògùn wọn. Èmi ni wọ́n ń gbàdúrà fún.

Nígbà tó yá, ẹ̀gún gún Ìyá Àgbà lẹ́sẹ̀ òsì. Ìyá rẹ ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ egbò náà lójoojúmọ́, ó ń fi aṣọ mímọ́ dì í, ṣùgbọ́n kò jiná. Ó ń dúdú sí i ni. Ọjọ́ kan, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń pọ́n àdá.

"Bàbá Rùkáyà, egbò yẹn ń bà mí lẹ́rù. Ṣé kò sí nǹkan tí Ìyá ń jẹ lẹ́yìn mi?"

Mo ní, "Rárá o. Bóyá ìwọ ni o ò wẹ̀ ẹ́ dáadáa."

Bẹ́ẹ̀ ni mo wí, ọmọ mi. Ó padà lọ gbé omi kaná.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn ìyá rẹ tó ń pe orúkọ mi. Ìyá Àgbà wà lórí ẹní, wọ́n ń mí gulegule, ẹnu wọn gbẹ, wọn kò sì dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Aládùúgbò wa kan ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa dé ọsibítù. Dókítà ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti ga débi tó lè pa èèyàn, àti pé egbò náà ti ń jẹra. Ó bojú wo gbogbo wa, ó ní, "Ta ló ń fún Màmá yìí ní nǹkan dídùn?"

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Sàláwà, ti sáré dé láti Mọníyà. Wọ́n na ìka sí ìyá rẹ.

"Ìyàwó, ìwọ lò ń dáná. Kí lò ń fún ìyá wa jẹ?"

Ìyá rẹ ní, "Àǹtí, mi ò fi ṣúgà kàn wọ́n lẹ́nu láti ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ti sọ̀rọ̀."

"Ṣé iwin ló wá ń fún wọn ni?"

Ìyá rẹ yíjú sí mi. Ó kàn wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì kí egbò náà má baà gun òkè. Àwọn ẹbí ní kí ìyá rẹ má dé ibi ibùsùn Ìyá Àgbà mọ́. Ó pọ̀n ọ́, ó di aṣọ díẹ̀, ó sì lọ sílé bàbá rẹ̀ lápá Ẹgbẹ́dá. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò ó títí ó fi gun ọ̀kadà. Orí rẹ ń mì lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò la ẹnu. Mo sọ fún ara mi pé bí ara Ìyá Àgbà bá yá díẹ̀, màá sọ ọ́. Lẹ́yìn náà mo ní bí inú Àǹtí Sàláwà bá rọ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ń wá ọjọ́ tó dáa, mi ò sì rí i.

Ìyá Àgbà fúnra wọn ló tú mi sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n lè jókòó, wọ́n wo yàrá náà yíká, wọ́n ní, "Níbo ni ìyàwó mi wà? Àwọn wọ̀nyí ò mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ egbò mi." Mo ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní:

"Mùdáṣírù, o wá jẹ́ kí wọ́n lé ọmọ ọlọ́mọ lọ nítorí ohun tí èmi àtìwọ jọ ṣe?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, Ìyá."

"Kì í ṣe èmi lo máa bẹ̀. Èmi náà jẹ̀bi, ẹnu mi ni kò jẹ́ kí n rí ara mi. Lọ sọ ọ́ lónìí. Bí o kò bá sọ ọ́, èmi á sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò ní dára fún ọ bí ó bá jẹ́ ẹnu tèmi ni wọ́n ti gbọ́ ọ."

Ọ̀dọ̀ Àǹtí Sàláwà ni mo kọ́kọ́ lọ. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Èmi ni mo na ìka sí i. Ojú wo ni màá fi wò ó?" Wọ́n bú sẹ́kún. Mo wá gba Ẹgbẹ́dá lọ. Bàbá ìyá rẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n sì ń fa tẹ̀sùbáà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, títí kan ohun tí mo sọ lọ́jọ́ tí mò ń pọ́n àdá. Bàbá pe ìyá rẹ jáde kó wá fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ, wọ́n sì ní kí n tún un sọ.

Ìyá rẹ ní, "Mo ti mọ̀ láti ọsibítù. Bí ẹ ṣe wo ilẹ̀ yẹn ni mo fi mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni pé, lọ́jọ́ tí mo bi yín léèrè, kí ló dé tí ẹ fi ní rárá?"

Mo ní, "Mo fẹ́ kí Ìyá fẹ́ràn mi jù ọ́ lọ." Ọ̀rọ̀ náà jáde kí n tó mọ̀. Ojú tì mí débi pé mo rò pé yóò fi mí rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sílẹ̀, ó sì gbé ọ sórí ẹsẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun àsárì.

Lẹ́yìn ìrun, ó ní, "Màá padà, torí Ìyá. Ṣùgbọ́n ṣúgà kò gbọdọ̀ wọ ilé yẹn mọ́. Kì í ṣe ti Ìyá nìkan. Tiyín, tèmi, tọmọ. Báwo la ṣe máa bu ṣúgà sí gàrí níwájú wọn, ká wá ní kí wọ́n máa wò wá? Ohun tí wọ́n bá ń jẹ ni gbogbo wa máa jẹ."

Ibi tí ilé wa ti yàtọ̀ sí ilé àwọn ẹgbẹ́ rẹ nìyẹn, Àṣàkẹ́. Kì í ṣe ahun. Kì í ṣe pé a kò fẹ́ràn yín. Obìnrin tí wọ́n fi ẹ̀sùn ṣúgà lé kúrò nílé ló padà wá gbà wá lọ́wọ́ ṣúgà.

Má rò pé ó rọrùn fún mi. Ṣíbí mẹ́fà ni mo máa ń bù sí abọ́ gàrí kan tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, orí ń fọ́ mi, ara mi wúwo, mo ń jágbe mọ́ gbogbo èèyàn, títí kan ewúrẹ́. Gàrí dà bí iyanrìn lẹ́nu mi. Ìyá rẹ fi ẹ̀pà yíyan sínú rẹ̀, ó ní kí n máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, mo kó àgbàdo lọ sí Ṣáṣá, mo rí obìnrin kan tó ń din pọfù-pọfù, mi ò mọ ìgbà tí mo jẹ méje, mo sì fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò tì í. Bí mo ṣe ń bọ̀ wálé, mo ń ro irọ́ tí màá pa. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo rí ìyá rẹ, mo sì sọ pé, "Mo jẹ pọfù-pọfù méje." Ó wò mí títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tó ti padà dé. Ó ní, "Ẹ ò ṣe jẹ mẹ́wàá?" Láti ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ìgbéyàwó wa kò ní bàjẹ́.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, mo já ọsàn kan lẹ́yìn ilé, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Mo rò pé ẹnìkan ti da oyin sínú rẹ̀. Ọsàn tí mo ti ń jẹ tẹ́lẹ̀ náà ni. Ahọ́n mi ló ti là. Ìyá Àgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ògì ní adùn tiẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn jiná. Wọ́n fi ọ̀pá rìn, wọ́n rí ọ títí o fi wọ ilé ìwé girama, wọ́n sì fi ọwọ́ ìyá rẹ mu omi ìkẹyìn wọn. Òun ni wọ́n ń gbàdúrà fún nígbà náà. Mo ń ṣe àmín, láti ọkàn wá.

Ó wá ku ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe.

Èkínní, pe ìyá rẹ. Má bẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó jẹ̀bi, torí o kò mọ̀. Ṣá sọ fún un pé mo ti sọ ọ́.

Èkejì, má fi nǹkan dídùn bo àárẹ̀ tàbí àdánìkanwà mọ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé ìlú yẹn ṣì ṣàjèjì sí ọ, pé kí Tàjù tó dé láti ibi iṣẹ́ ilé máa ń dákẹ́. Nígbà tí ọwọ́ rẹ bá ń lọ síbi ìgò yẹn, bi ara rẹ bóyá òùngbẹ ló ń gbẹ ọ́ tàbí èèyàn lo ń wá. Bí ó bá jẹ́ òùngbẹ, mu omi. Bí ó bá jẹ́ èèyàn, pè wá, tàbí kí o jáde lọ bá àwọn ará ilé yín jókòó.

Ẹ̀kẹta, inú ohun mímu ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ṣúgà rẹ pọ̀ sí jù. Gbé omi ara rẹ lọ sí kíláàsì. Mọ́ọ̀tì tí wọ́n ń polówó pé ó ń fúnni lókun, yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà kí o ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ṣúgà bá wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ, dá a padà. Wo ti búrẹ́dì àti júùsì inú páálí náà. Èso tí o bá fi eyín gé jẹ kò sí nínú èyí tí mò ń sọ. Kí o sì jẹun gidi kí o tó kúrò nílé, ẹ̀wà tàbí ẹyin pẹ̀lú ẹ̀fọ́. Ebi aago mẹ́wàá ló ń pe bisikíìtì.

Bí o bá ṣubú, bí mo ṣe ṣubú ní Ṣáṣá, sọ fún ẹnìkan lọ́jọ́ náà gan-an, kí o sì tún bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Adùn tí a ń jẹ ní kọ̀rọ̀ ló fa ti ìyá mi. Nítorí náà, jẹ́ kí Tàjù mọ gbogbo rẹ̀. Má se ìkòkò méjì. Ọmọ dáadáa ni, àánú rẹ lè ṣe é kó lọ ra nǹkan dídùn wá fún ọ nígbà tí o bá ń sunkún. Fún un ní ìwé yìí kó kà á, kó lè rí ibi tí irú àánú yẹn gbé èmi dé.

Máa rìn. Sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ kí o tó dé ilé ìwé, kí o fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Máa sùn bó ṣe yẹ. Ìwé àwọn ọmọ tí o fẹ́ máàkì kò ní sá lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ní àgbo tó ń fọ ṣúgà dànù, tí wàá sì lè máa mu ohun tó wù ọ́, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí o máa lọ. Nọ́ọ̀sì yẹn ni kí o gbọ́ tirẹ̀. Bí ààwẹ̀ bá dé, bi í léèrè kí o tó gbà á, kí o sì má fi ṣíṣínu ṣe ìgbà tí wàá gba ẹ̀san ṣúgà. Dàbínù kan tàbí méjì pẹ̀lú omi tó ọ.

Mo rò pé mo ti sọ gbogbo rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ó ku ọ̀kan tí ìyá rẹ gan-an kò mọ̀. Láti ìgbà ti Ìyá Àgbà, mi ò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ ẹ̀jẹ̀ tèmi wò. Bí àwọn nọ́ọ̀sì bá wá sí abúlé, oko ni mo máa ń lọ. Mo mọ̀ pé irú nǹkan yìí máa ń rìn nínú ẹbí, ẹ̀rù sì ń bà mí pé wọ́n á sọ pé ó ti wà lára mi. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ni mo ń rò ó pé ọmọ mi obìnrin na ìka rẹ̀ fún wọn, ó gbọ́ ohun tí kò fẹ́ gbọ́, ó sì pe ilé láti sọ ọ́. O láyà jù mí lọ.

Nítorí náà, màá dé lọ́jọ́ Àlàmísì, nínú mọ́tò àkọ́kọ́ tó bá kúrò ní Lalupon. Mi ò ní tíì jẹun. Dúró dè mí lẹ́nu géètì ọsibítù náà, ká jọ wọlé. Sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹni méjì ni wá, àti pé ìka bàbá ni kó kọ́kọ́ gún.

Èmi tó bí ọ, tí mo sì ń kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ,
Mùdáṣírù, bàbá rẹ.